Bí ẹ ṣe lè yan pẹ́dà béèsì tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí kò sì ní dójú tì yín

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ìlù jáàsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kò ní ìlù tirẹ̀. Ìlù ìjọ ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, lọ́jọ́ tí akọrin bá ń dánra wò tàbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀pá ìlù méjèèjì, pẹ́dà béèsì, ìyẹn irin tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti lu béèsì, ìlù ńlá tó wà nílẹ̀, ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fowó ara rẹ̀ rà. Ó gba inú báàgì ilé-ìwé, ó ṣeé dè mọ́ béèsì ìjọ èyíkéyìí, ẹsẹ̀ á sì máa bá irinṣẹ́ kan náà ṣe nígbà gbogbo, dípò èyí tí gbogbo ayé ti tẹ̀ títí tó fi ń mì dugbẹdugbẹ.

Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ orin yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ṣéènì méjì, àwọ̀ dídán àti orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn yọ owó. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ kí pẹ́dà dára: kó má yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kó di béèsì mú ṣinṣin, kí apá tó bá jẹ lára rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀ tàbí tún ṣe láìjáde kúrò nílùú.

Ẹ wọn béèsì kí ẹ tó ka owó

Ẹ fi tépù télọ̀ wọn awọ béèsì tí ẹ máa ń lù, láti etí kan dé ìkejì. Béèsì 20 tàbí 22 íńṣì ló wọ́pọ̀; ti ọmọdé máa ń jẹ́ 16 tàbí 18. Àárín awọ, tàbí díẹ̀ sókè àárín, ni orí bítà, ìyẹn ọ̀pá olórí tí pẹ́dà fi ń lu awọ, yẹ kó ti bà á. Lórí béèsì 22, íńṣì 11 ni àárín fi ga ju etí ìsàlẹ̀ lọ. Lórí 16, íńṣì 8 péré ni. Bítà tó bá béèsì ńlá mu lè máa ba apá òkè awọ lórí béèsì kékeré, ohùn á sì di tẹ́ẹ́rẹ́. Bí béèsì yín bá kéré, ẹ rí i dájú pé ọ̀pá bítà ṣeé fà sílẹ̀ láìjẹ́ pé ìdí rẹ̀ ń kan ẹsẹ̀.

Ẹ wo òrùka béèsì náà, ìyẹn ohun tó yí awọ ká tí agbámú pẹ́dà ń bù mọ́. Ti igi máa ń nípọn, ti irin máa ń fẹ́lẹ́. Ẹ kọ ìnípọn rẹ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà, nítorí agbámú kan wà tí ẹnu rẹ̀ kì í là tó ti igi, òmíràn sì wà tí kì í pa dé débi tí yóò fi di ti irin mú. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Orí táìsì tó ń dán ni pẹ́dà ti ń sá jù.

Orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, kí ọlọ́jà má baà yí yín po

Irin ìtẹ̀ ni ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń gbé. Irin gìgísẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìsopọ̀ bíi ti ilẹ̀kùn ló sì so méjèèjì pọ̀. Òpó méjì dúró níwájú. Ọ̀pá ìdábùú wà láàrin wọn, ó ń yí lórí béárìn. Kẹ̀kẹ́ ṣéènì wà lórí ọ̀pá yìí, ṣéènì sì so ó mọ́ imú irin ìtẹ̀. Ọ̀pá bítà wọ inú ihò kan níbẹ̀, síkúrù olórí igun mẹ́rin tí kọ́kọ́rọ́ ìlù ń yí ló fún un mọ́. Sípíríǹgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, òun ló ń dá bítà padà. Agbámú wà nísàlẹ̀ níwájú.

Ní 1909 ni William F. Ludwig àti arákùnrin rẹ̀ Theobald bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ wọn ní Chicago, pẹ́dà béèsì sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí pẹ́dà ń gbà ṣiṣẹ́ kò tíì yí padà púpọ̀ látìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí àlòkù tó nípọn fi lè sàn ju tuntun ẹlẹgẹ́ lọ.

Irú èyí tó yẹ yín

Ẹ ra ẹyọ kan. Pẹ́dà méjì tí wọ́n so pọ̀ kò tíì kàn yín: owó ẹyọ kan tó dára kì í ra ju méjì tí kò dára lọ, ìsopọ̀ tó sì lè yẹ̀ lára rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ.

Ṣéènì ló yẹ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí kì í tètè fà gùn, kì í sì í sábà já. Ẹyọ kan tó. Ṣéènì méjì kàn ń dín yíyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kù díẹ̀ ni, bí òpó àti ìsopọ̀ gìgísẹ̀ bá sì ti le, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Oníbẹ́líìtì fúyẹ́, kò sì pariwo, àmọ́ ó máa ń ya níbi ihò síkúrù. Ẹ má tìtorí ìyẹn kọ̀ ọ́ bí ó bá pọ̀ ní ẹ̀dínwó, torí ṣobàtà lè gé òmíràn látinú awọ bẹ́líìtì ṣòkòtò tó nípọn. Kí ó ṣáà lu ihò rẹ̀ sí ibi tí ti àtijọ́ wà gan-an. Èyí tó fi irin gbọọrọ so irin ìtẹ̀ mọ́ ọ̀pá ìdábùú, láìsí ṣéènì tàbí bẹ́líìtì, ẹ fi sílẹ̀ ná. Bí ìsopọ̀ rẹ̀ bá jẹ díẹ̀, ẹsẹ̀ á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ kò sì ní rí ẹ̀yà rẹ̀ rà nítòsí.

Kẹ̀kẹ́ ṣéènì lè rí roboto, ó sì lè rí bí ẹyin. Roboto máa ń fún ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n agbára kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títẹ̀ dé òpin. Èyí tó rí bí ẹyin máa ń fi bítà sáré bó bá kù díẹ̀ kó ba awọ, ó ń mú kí ohùn le. Ẹ fi roboto kọ́ṣẹ́.

Oníirin pẹlẹbẹ nísàlẹ̀ wúwo, ó sì máa ń dúró sójú kan. Èyí tó jẹ́ wáyà nípọn nìkan ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn rọrùn láti ká sínú báàgì lórí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ lè wọ́. Oníwáyà láti ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ dára ju oníirin pẹlẹbẹ tí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi páànù lọ.

Ní ti bítà, olórí fẹ́ẹ̀tì (aṣọ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ títí ó fi nípọn) ni kí ẹ kọ́kọ́ lò: ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, kì í sì í tètè ya awọ. Orí ike tàbí igi máa ń mú kí ohùn dún kedere nínú ilé ìjọ ńlá tí kò sí maikirofóònù nídìí béèsì, ṣùgbọ́n òun ló ń ya awọ ní kíá. Bí ẹ bá rí ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, fẹ́ẹ̀tì níhìn-ín, ike lọ́hùn-ún, ẹ mú un.

Tí ẹ bá fẹ́ orúkọ tí ẹ lè wá, Yamaha FP7210A, Pearl P-930 àti Tama Iron Cobra 200 wà lára pẹ́dà aláṣéènì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé tí a lẹ̀ mọ́ irin kò sọ ẹni tó ṣe é. Ìdánwò tó wà nísàlẹ̀ yìí ni kí ẹ gbára lé, àní bí orúkọ rẹ̀ bá tóbi bí ilé.

Tuntun tàbí àlòkù?

Àlòkù lè jẹ́ tòkunbọ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan fẹ́ tà kó tó fi àdúgbò Under G sílẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú rẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí ẹ ṣírò rẹ̀ rèé: ẹ fi owó bítà, sípíríǹgì tàbí síkúrù tí kò sí lára rẹ̀ kún iye tí ọlọ́jà pè é. Bí àpapọ̀ bá ti kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta iye pẹ́dà tuntun irú rẹ̀, ẹ ra tuntun. Ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú. Ìlọrin sún mọ́ wa ju Ìbàdàn lọ, a sì gbọ́dọ̀ ka ìrìn náà ní àlọ àti àbọ̀. Bí ọjà bá bàjẹ́, ẹ ó tún rìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ̀rún mélòó kan dín níbẹ̀ lè parí sọ́wọ́ awakọ̀.

Ìdánwò lójú ọlọ́jà

Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ìlù, òòfà kékeré (ti inú sípíkà àtijọ́ náà tó) àti aṣọ funfun kan lọ. Iná fóònù á ṣe tọ́ọ̀ṣì. Kò gbọdọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ọlọ́jà tí kò bá sì fẹ́ kí ẹ dán an wò ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó sán. Ẹ tan iná sí ìdí òpó méjèèjì, sí ẹnu agbámú, àti sí yíká ihò tí bítà wọ̀. Ẹ fi aṣọ nù ún dáadáa, torí girisi máa ń bo ìlà tó sán mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi òòfà kàn án. Ibi tí òòfà bá lẹ̀ mọ́, irin ni, wẹ́dà lè jó o. Ibi tí kò bá lẹ̀ mọ́ sábà máa ń jẹ́ àdàlù síńkì tàbí alumíníọ̀mù tí wọ́n dà sínú àwòṣe. Àdàlù síńkì ń yọ́ ní nǹkan bíi dígíríì 385, nígbà tí irin kì í yọ́ títí yóò fi kọjá 1,400. Iná wẹ́dà tó wà lẹ́bàá títì á sọ ọ́ di omi kó tó lẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, bí ibi tí òòfà kò lẹ̀ mọ́ bá ti sán, kò sí ẹ̀dínwó tó yẹ kó mú yín rà á. Èyí ló ń pa owó akẹ́kọ̀ọ́ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di orí bítà mú, kí ẹ tì í sí ọ̀tún àti sí òsì, kì í ṣe síwájú. Bó bá rìn tó mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta, kò burú. Bó bá kọjá ìdajì sẹ̀ǹtímítà, béárìn tàbí ọ̀pá ìdábùú ti jẹ, bítà kò sì ní máa ba ibi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ di irin gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kejì lọ́ irin ìtẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ìsopọ̀ tó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ níbẹ̀ ni yóò máa dún nínú ilé ìjọ nígbà tí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà.

Ẹ gbé pẹ́dà sórí tábìlì, kí ẹ mú un dúró ṣinṣin. Ẹ fa bítà sẹ́yìn, kí ẹ sì jọ̀ọ́ rẹ̀ láìtún fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kó máa fì síwá sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, kí fífì rẹ̀ sì máa kù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá fì ní ẹ̀ẹ̀mẹta tó sì dúró gbì, ó lè jẹ́ pé òróró ti gbẹ, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀pá ìdábùú ti wọ́. Láti mọ èyí tó jẹ́, ẹ wò ó láti iwájú bí ó ti ń yí. Bí kẹ̀kẹ́ ṣéènì bá ń yọ sókè sódò bó ṣe ń yí, ọ̀pá ti wọ́ nìyẹn. Ẹ dá a padà fún wọn.

Ẹ yọ sípíríǹgì. Nígbà tí kò sí ohun tó ń fà á, okùn rẹ̀ yẹ kó lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí àyè bá wà láàrin wọn, ó ti gùn kọjá ipò rẹ̀, kò ní lágbára mọ́. Ẹ wo ìkọ́ rẹ̀ méjèèjì, torí ibẹ̀ ló ti máa ń já. Ẹ yí nọ́ọ̀tù ìfàmú, ìyẹn èyí tó ń fún sípíríǹgì tàbí tú u, láti òkè délẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ọnà rẹ̀ kò tíì jẹ.

Ẹ fún síkúrù bítà mọ́, kí ẹ wá gbìyànjú láti fi agbára yí bítà náà. Bó bá yọ̀, síkúrù ti jẹ tàbí ọ̀pá bítà ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ọ̀pá tó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 8, ìdí nìyẹn tí bítà ilé-iṣẹ́ kan fi sábà máa ń wọ pẹ́dà òmíràn.

Èyí tó kẹ́yìn ni agbámú. Ẹ dè é mọ́ béèsì gidi nínú ṣọ́ọ̀bù, tàbí mọ́ etí pákó tó nípọn tó òrùka béèsì yín, kí ẹ fà á. Ẹ wá fi bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sí ìjọ tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, ogún ìgbà, lẹ́yìn náà kíákíá. Ẹ fetí sí irin, ẹ má fetí sí ìlù.

Dídè é mọ́ béèsì àti títo rẹ̀

Ibí ni púpọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bú pẹ́dà tí kò ṣẹ̀.

Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sílẹ̀ kí ẹ tó gbé ohunkóhun, kí ó fẹ̀ tó béèsì àti àga papọ̀. Bí àga bá wà lórí rọ́ọ̀gì náà, ìwúwo yín ló ń di gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà níwájú béèsì gbé etí iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, bí ìka méjì, kí béèsì lè fẹ̀yìn tì yín dípò kó máa sá lọ. Ẹ gé ègé kékeré látinú túbù kẹ̀kẹ́ tí vọ́kánásà ti sọ nù, kí ẹ fi sáàárín agbámú àti òrùka béèsì. Kò ní jẹ́ kí òrùka náà fọ́, kò sì ní jẹ́ kí agbámú yọ̀. Ẹ fún un títí pẹ́dà kò fi ní mì mọ́. Ìdí gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ fara lélẹ̀ pátápátá. Bó bá ń yọ sókè, béèsì ló ga jù níwájú tàbí sẹ́yìn. Béèsì ni kí ẹ tún gbé, ẹ má fi ipá fún agbámú.

Ẹ to gíga bítà sí àárín awọ. Ẹ fà á kọjá díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó wúwo, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó yá. Bítà tó gùn máa ń lágbára, ó sì máa ń lọ́ra. Nígbà tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀pá rẹ̀ jìnnà sí awọ ní nǹkan bíi dígíríì 45. Bó bá sún mọ́ awọ jù, ohùn kò ní tó. Bó bá jìnnà jù, ó máa pẹ́ kó tó dé, bítà á sì máa gbá ẹsẹ̀ yín bó bá ń padà.

Sípíríǹgì ni ẹ óò fi sùúrù tò jù. Ẹ tú nọ́ọ̀tù ìfàmú títí sípíríǹgì fi kù díẹ̀ kó máa mì nínú ìkọ́ rẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé irin ìtẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Bí ìwúwo ẹsẹ̀ nìkan bá ti gbé bítà dé awọ, ẹ fún un ní ìyípo kan, kí ẹ tún gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ máa ṣe é ní ìyípo kọ̀ọ̀kan títí bítà á fi dúró láìba awọ, tí yóò sì máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀ yín padà bí ẹ bá gbé e. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fún un kọjá ibẹ̀ ń fi ojúgun ṣe iṣẹ́ tí ẹran ara kò tíì mọ̀, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀ láàrin orin kejì. Ẹ wá fún nọ́ọ̀tù kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá fún ara wọn mọ́, gbígbọ̀n béèsì á tú u fúnra rẹ̀.

Ẹ jókòó kí ìbàdí yín ga díẹ̀ ju orúnkún lọ. Ẹ lù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà kí ẹ tún fi kọ́kọ́rọ́ àti sípánà fún gbogbo síkúrù. Pẹ́dà tuntun máa ń tú díẹ̀ ní ìlò àkọ́kọ́.

Ohun tó ń bàjẹ́, àti ìdí rẹ̀

Bó bá ń dún kíún, ẹ má kọ́kọ́ fi òróró sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ fi ìka kan ibi kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi mọ ibi tó ti ń dún. Ìkọ́ òkè sípíríǹgì ló sábà máa ń jẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìsopọ̀ gìgísẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán kan, ti tó. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nípọn jù, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa lọ béárìn. Òróró oúnjẹ máa ń dì bó bá pẹ́, ẹ má ṣe é. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ gbọn ṣéènì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Bí bítà bá ń yọ̀ láàrin orin, ẹ tú síkúrù rẹ̀, ẹ nu girisi kúrò lára ọ̀pá, kí ẹ tún fún un. Ẹ kò gbọdọ̀ fi òróró kan ibẹ̀ láé. Bí awọ bá ń wọnú níbi tí bítà ń bà, ẹ lẹ tépù aláṣọ tó nípọn mọ́ ọn, kí ó fẹ̀ ju orí bítà lọ.

Sípíríǹgì tó bá já, ẹ má fi ti ẹsẹ̀ ìdúró ọ̀kadà dípò rẹ̀. A mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì gbogbo, ó sì rí bákan náà, ṣùgbọ́n ó le jù. Á sọ ìtẹ̀ di iṣẹ́ agbára, á sì máa fa òpó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ mú èyí tó já dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta irinṣẹ́ orin, kí ẹ wọn gígùn àti ìbú rẹ̀ mọ́ òmíràn.

Nínú báàgì pẹ́dà, ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìlù kan tí ẹ so mọ́ okùn, sípánà tó bá nọ́ọ̀tù sípíríǹgì mu, sípíríǹgì kan àti síkúrù bítà méjì. Síkúrù yẹn ló kéré jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ló sì máa ń sọnù sábẹ́ àga akọrin, nítorí náà ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú báàgì pẹ̀lú tépù.